DSLR tàbí mirrorless? Ìbéèrè tí àwọn onífótò Ìlọrin àti gúúsù Kwárà ń béèrè jù

Bí ẹ bá jókòó sí ilé fótò kan ní Táíwò tàbí Tanke, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè yìí. A kó wọn jọ síbí kí ẹnu má baà máa bó wa. A ò kọ iye owó kankan sí i, torí dọ́là kì í jẹ́ kí owó kámẹ́rà dúró sójú kan.

Kí ni ìyàtọ̀ DSLR sí mirrorless gan-an?

Dígí ni. Nínú DSLR, dígí kékeré kan dúró ní ìdagẹ̀rẹ̀ níwájú sẹ́ńsọ̀, ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ tí á fi di fótò. Ìmọ́lẹ̀ tó gba inú lẹ́ńsì wọlé á kọlu dígí yẹn, á gba òkè lọ, á sì dé ihò tí ẹ fi ojú sí. Ẹni tí ẹ fẹ́ yà gan-an ni ẹ ń wò níbẹ̀, kì í ṣe àwòrán rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, dígí á fò sókè, ṣọ́tà (ìlẹ̀kùn kékeré tó bo sẹ́ńsọ̀) á ṣí, ìmọ́lẹ̀ á bà lé sẹ́ńsọ̀, dígí á tún padà sílẹ̀. Ìró "pàá" tí ẹ ń gbọ́ yẹn, dígí ló ni èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Mirrorless yọ dígí yẹn kúrò. Níwọ̀n ìgbà tí kámẹ́rà bá ti wà ní títàn, orí sẹ́ńsọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń bà lé tààrà, ohun tí sẹ́ńsọ̀ bá sì rí ni yóò gbé sórí sikirín ẹ̀yìn àti sikirín kékeré tó wà nínú ihò. Nígbà tí kò sí dígí tó ń gba àyè, lẹ́ńsì lè súnmọ́ sẹ́ńsọ̀ dáadáa. Mìlímítà 44 ni àlàfo yẹn lórí ẹnu Canon EF (ẹnu ni ibi tí lẹ́ńsì ti ń wọ ara kámẹ́rà), ó di 20 lórí Canon RF. Ti Nikon F jẹ́ 46.5, ti Nikon Z jẹ́ 16. Ẹ fi àwọn nọ́ńbà yìí pamọ́, a máa nílò wọn tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ àdápútọ̀, ìyẹn ohun tí a fi ń so lẹ́ńsì ẹnu kan mọ́ kámẹ́rà ẹnu mìíràn.

Ṣé fótò mirrorless mọ́ ju ti DSLR lọ?

Rárá. Sẹ́ńsọ̀, lẹ́ńsì àti iná ló ń ya fótò, dígí ò sí níbẹ̀. Canon 5D Mark IV jáde ní 2016, EOS R jáde ní 2018, nǹkan bíi megapixel 30 ni àwọn méjèèjì. Ẹ fi lẹ́ńsì kan náà ya ìyàwó kan náà lábẹ́ iná kan náà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ìyá ìyàwó ò ní mọ èyí tó jẹ́ èwo, ẹ̀yin náà lè má mọ̀ ọ́n.

Ibi tí mirrorless ti yàtọ̀ ni bí ó ṣe ń wá fókọ́ọ̀sì, bí ó ṣe ń ṣe fídíò, àti pé ẹ ó ti rí bí fótò ṣe máa rí kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ní "mirrorless ló jẹ́ kí iṣẹ́ lágbájá dára báyìí", ẹ bi í léèrè lẹ́ńsì tó wà lẹ́nu kámẹ́rà náà.

Ṣé òótọ́ ni pé wọn ò ṣe DSLR mọ́?

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀. Panasonic ló gbé mirrorless G1 jáde ní 2008, Sony mú A7 tó jẹ́ full-frame (sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tó fíìmù àtijọ́) wá ní 2013, Canon àti Nikon sì wọlé pẹ̀lú EOS R àti Z6, Z7 ní 2018. Ní 2020 ni àwọn DSLR bíi Canon 1D X Mark III, Nikon D780 àti D6 jáde. Nígbà tí 2021 ń parí lọ, ọ̀gá àgbà Canon sọ fún oníròyìn pé irú 1D X yẹn ló kẹ́yìn. Pentax nìkan ló ṣì fọwọ́ sọ̀yà pé DSLR ni tòun.

Ṣùgbọ́n kámẹ́rà kì í kú nítorí pé ẹni tó ṣe é ti ń ṣe òmíràn. Láti 1987 ni Canon ti ń ta lẹ́ńsì EF, láti 1959 ni ẹnu Nikon F ti wà. Àwọn lẹ́ńsì yẹn pọ̀ lọ jàra nínú ọjà tòkúnbọ̀, bí àwọn òyìnbó sì ṣe ń ju DSLR sílẹ̀ ni ó ń ṣàn wá sọ́dọ̀ wa. Ẹni tó ń rà ló jèrè.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúrídọ̀ọ̀mù, owó ọwọ́ mi ò pọ̀. Èwo ni kí n kọ́kọ́ rà?

Bó bá jẹ́ fótò nìkan ni ẹ ń yà, ìyẹn sùná, wòlímọ̀, ìsìnkú, ọjọ́ ìbí àti pásípọ́ọ̀tù, DSLR tòkúnbọ̀ ni kí ẹ rà, kí ẹ fi owó tó ṣẹ́kù ra lẹ́ńsì àti fíláàṣì. Canon 80D tàbí 6D, Nikon D7200 tàbí D750, kò sí èyí tí kò tó iṣẹ́ ṣe nínú wọn. Ẹ so 50mm f/1.8 mọ́ ọn, kí ẹ gbé fíláàṣì kan lé e lórí, kí ẹ wọ gbọ̀ngàn tí iná rẹ̀ ò dán. Ó máa na mirrorless tuntun tó gbé lẹ́ńsì inú páálí wá lálùbami.

Bó bá jẹ́ fídíò ni yóò máa bọ́ yín, ẹ má ra DSLR rárá. Ẹ fara da oṣù díẹ̀, kí ẹ ra mirrorless, kódà bó jẹ́ Sony a6400 tàbí ZV-E10. DSLR tí ẹ bá rà fún fídíò lónìí, ẹ máa tún un tà láìpẹ́, ẹ sì máa pàdánù owó lórí rẹ̀.

Ṣé fóònù ò ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ méjèèjì báyìí?

Ó ti gba pásípọ́ọ̀tù àti fótò orí WhatsApp. Ẹ jẹ́ kó lọ ya ìyàwó tó ń wọlé láti ìdí gbọ̀ngàn ní aago méje alẹ́, kí wọ́n wá tẹ fótò náà sínú álúbọ́ọ̀mù ńlá, lẹ́yìn náà kí ẹ tún padà wá bi wá.

Canon ni ọ̀gá mi àti àwọn ẹgbẹ́ mi ń lò. Ṣé mo lè ra Sony?

Ẹ lè rà á, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ro ọjọ́ Sátidé wò. Yíyá ara ẹni ni iṣẹ́ wa fi ń dúró. Ẹni tó ní lẹ́ńsì 70-200 máa ń yá ẹni tí òde rẹ̀ wà ní gbọ̀ngàn ńlá, onítọ̀hún náà á yá a ní fíláàṣì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bátìrì kú, ẹgbẹ́ yín tó wà lódìkejì gbọ̀ngàn á ju ọ̀kan sí yín. Ẹnu lẹ́ńsì Canon ò bá ti Nikon mu, ti Nikon ò bá ti Sony mu. Ẹni tó bá dá ra ẹ̀yà tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ládùúgbò, òun nìkan ni yóò máa dá ra gbogbo nǹkan tó bá nílò.

Fún ẹni tó wà ní Ọ̀fà, Òmù-Àrán tàbí Èsìẹ́, ọ̀rọ̀ yìí tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí nǹkan bá bà jẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ òde, ẹ ò ní àyè láti ránṣẹ́ sí Ìlọrin. Kí ẹ tó dárúkọ kámẹ́rà kankan fún oníṣòwò, ẹ ka onífótò márùn-ún tó súnmọ́ yín jù, kí ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Tèmi ni pé ìyẹn ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun tí wọ́n ń jà lé lórí YouTube.

Ohun kan wà tí Sony fi dára fún ẹni tí yóò dá dúró: ó ti pẹ́ tó ti gba Sigma, Tamron àti àwọn mìíràn láyè láti ṣe lẹ́ńsì fún ẹnu rẹ̀, torí náà lẹ́ńsì olówó pọ́ọ́kú pọ̀ níbẹ̀. Canon há ẹnu RF mọ́ra fún ọdún mélòó kan, 2024 ló tó jẹ́ kí Sigma àti Tamron wọlé, àwọn kámẹ́rà sẹ́ńsọ̀ kékeré ni wọ́n sì gbà wọ́n láyè láti ṣe tiwọn fún.

Iná NEPA ò ṣeé gbọ́kàn lé. Ṣé bátìrì mirrorless máa gbé mi dé ìparí òde?

Ibí ni DSLR ti jẹ́ ọ̀gá. Kò sí sikirín tó ń jẹ iná nínú ihò rẹ̀. Lórí òdiwọ̀n CIPA tí àwọn ilé iṣẹ́ kámẹ́rà ń lò, Nikon D750 ń ya fótò 1,230 lórí bátìrì kan, 5D Mark IV ń ya 900. EOS R ń ya nǹkan bí 370. Sony A7 III gbìyànjú: 610 bí ẹ bá ń fojú sí ihò, 710 bí ẹ bá ń lo sikirín ẹ̀yìn. Bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, ẹ máa rí ju bẹ́ẹ̀ lọ lójú òde. Bí ẹ bá ń ṣe fídíò, nọ́ńbà wọ̀nyí ò kàn yín mọ́, ẹ sáà ra bátìrì púpọ̀.

Okùn USB ni mirrorless fi ń gba tirẹ̀ padà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣeé ṣájì láti ara power bank tàbí nínú mọ́tò bí ẹ ṣe ń lọ. DSLR àtijọ́ ò gbà bẹ́ẹ̀: ẹ ní láti yọ bátìrì, kí ẹ wá ṣájà, kí ẹ wá sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tún wá ẹni tí yóò tan jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó ń lọ ya òde alẹ́ kan mọ́jú ní abúlé Ìgbómìnà tí iná ò sí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, power bank tó ní PD (irú èyí tó ń ti iná tó lágbára jáde lórí okùn USB) á ṣe é lóore ju bátìrì kẹta lọ.

Ẹni tó ń ti 5D Mark II, III tàbí IV, 6D tàbí 80D lọ sí EOS R tàbí R6 ò ní ju bátìrì rẹ̀ nù, ìdílé LP-E6 ni gbogbo wọn ń jẹ. Àmọ́ èyí tí wọ́n kọ LP-E6N tàbí LP-E6NH sí lára máa ń gba ṣájì nínú kámẹ́rà. LP-E6 lásán ò ní gbà á, ẹ má sì rò pé kámẹ́rà ló bà jẹ́.

Ọkọ ìyàwó dúdú, agbádá rẹ̀ funfun báláú. Èwo ló máa gbé e dáadáa?

Méjèèjì lè gbé e. Ibi tí ẹ ó ti mọ̀ pé ẹ ṣàṣìṣe ló yàtọ̀. Gbogbo kámẹ́rà tó ń fúnra rẹ̀ wọn iná máa ń rò pé ohun tó wà níwájú òun kò funfun jù, kò sì dúdú jù. Bí agbádá funfun bá gba ojú fótò, ó máa ní iná ti pọ̀ jù, á dín in kù. Agbádá á di eérú, ojú ọkọ ìyàwó á ṣú. Bí gbogbo ẹbí bá wọ òfì dúdú, òdìkejì rẹ̀ ló máa ṣe: á fi kún iná, ojú àwọn tó pupa díẹ̀ á sì funfun jù.

Pẹ̀lú DSLR, ẹ ó yà á, ẹ ó wo ẹ̀yìn kámẹ́rà, ẹ ó tún un ṣe, ẹ ó tún yà á. Nínú oòrùn ọ̀sán gangan ní iwájú ààfin, ẹ lè má rí sikirín yẹn rárá, ìyẹn ló fi yẹ kí ẹ mọ histogram kà, àwòrán kékeré tó ń fi bí dúdú àti funfun ṣe pọ̀ tó nínú fótò hàn. Pẹ̀lú mirrorless, ẹ ti ń rí i nínú ihò bí ojú ṣe ń ṣú, ẹ ó yí i sí +1 kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, kò sí ohun mìíràn lára mirrorless tó tó èyí. Ọ̀gá tó ti fi DSLR ya èèyàn fún ọdún púpọ̀ ti ń yí i kí ojú rẹ̀ tó dé ihò.

Àwọn alùfáà ò fẹ́ ariwo nígbà yìgì. Ṣé mirrorless ò ní dún rárá?

Bí ẹ bá tan ṣọ́tà ẹ̀lẹ́kítíróníìkì rẹ̀, kò ní dún. Gbogbo mọ́ṣáláṣí dákẹ́, wálí ń sọ̀rọ̀, ọkọ ìyàwó ń fèsì pé òun gbà, ẹ wà ní ẹsẹ̀ bàtà méjì sí Lémọ́mù, kò sì sí ẹni tó bojú wẹ̀yìn. DSLR ní ipò ìdákẹ́jẹ́ tirẹ̀ náà, ṣùgbọ́n dígí gbọ́dọ̀ fò sókè, ó kàn ń fò jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Ṣọ́tà yẹn ń ka sẹ́ńsọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kì í kà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó bá ń sáré á wọ́. Iná LED àti fulọrẹ́sẹ́ǹtì á fi ìlà dúdú-funfun sí ojú fótò, torí iná wa ń ṣẹ́jú: 50 Hz ni iná Nàìjíríà, èyí tó túmọ̀ sí pé ó ń ṣẹ́jú nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá rí ìlà, ẹ gbé ṣọ́tà sí 1/50 tàbí 1/100. Bí ó bá kọ̀, bí àwọn LED olówó pọ́ọ́kú kan ṣe máa ń kọ̀, ẹ padà sí ṣọ́tà gidi, kí ẹ gbà pé ó máa dún díẹ̀. Fíláàṣì náà kì í ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ṣọ́tà ẹ̀lẹ́kítíróníìkì lórí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà.

Fídíò ń kọ́?

Mirrorless. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Canon 5D Mark II ló mú kí àwa onífótò máa ṣe fídíò láti 2008, a ò gbàgbé oore rẹ̀. Ṣùgbọ́n 5D Mark III tí ọ̀pọ̀ ṣì ń gbé ò lè fi fókọ́ọ̀sì tẹ̀ lé ẹni tó ń rìn nínú fídíò, ọwọ́ yín ni ẹ ó fi máa yí i. Canon 70D ló kọ́kọ́ gbé Dual Pixel, tó ń jẹ́ kí sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ máa wá fókọ́ọ̀sì nínú fídíò, wá ní 2013, 80D náà ní in, ìyẹn ló fi jẹ́ pé àwọn méjèèjì ṣì ṣeé fojú sí bí 1080p bá tó yín. 5D Mark IV ní 4K, àmọ́ á gé ojú àwòrán tó bẹ́ẹ̀ tí lẹ́ńsì 24mm yín á fi máa rí bíi 42.

Ẹ tún wo bí ó ṣe máa ń pẹ́ tó kí ó tó dá ara rẹ̀ dúró. Ọ̀pọ̀ DSLR àti àwọn mirrorless àkọ́kọ́ máa ń dúró ní ìṣẹ́jú 29 àti ìṣẹ́jú àáyá 59, torí òfin owó orí ilẹ̀ Yúróòpù ìgbà náà tó ń ka ohun tó bá gba ìṣẹ́jú 30 sí kámẹ́rà fídíò. Sony a6400 ò ní ìdíwọ́ yẹn. Fún wáàsí tàbí ìsìn ọjọ́ Sọ́ńdè tó gba wákàtí méjì, ẹ ò ní fẹ́ máa sáré padà lọ tẹ̀ ẹ́. Ẹ sì máa ya fídíò ní 25 tàbí 50 fps (iye àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ṣọ́tà 1/50 tàbí 1/100, kí iná wa má baà máa ṣẹ́jú nínú rẹ̀.

Ọyẹ́ ti dé. Ṣé òótọ́ ni pé mirrorless kì í fara da eruku?

Bí ẹ bá yọ lẹ́ńsì DSLR, dígí àti ṣọ́tà ló wà níwájú sẹ́ńsọ̀. Bí ẹ bá yọ ti mirrorless, sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń wò yín yẹn. Canon EOS R máa ń pa ṣọ́tà dé bí ẹ bá pa kámẹ́rà, ọ̀pọ̀ mìíràn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Torí náà, láti Oṣù Kejìlá dé Oṣù Kejì, ẹ pa kámẹ́rà kí ẹ tó yọ lẹ́ńsì, ẹ dojú ẹnu rẹ̀ kọ ilẹ̀, ẹ kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́, kí lẹ́ńsì kejì ti wà lọ́wọ́ kí ẹ tó tú ti àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ní kámẹ́rà méjì kò ní í yọ lẹ́ńsì níta rárá.

Ẹ má fi ẹnu fẹ́ sẹ́ńsọ̀, itọ́ á dà sí i. Róbà tó ń fẹ́ atẹ́gùn ni kí ẹ lò. Bí ṣọ́tà bá wà ní pípadé, ẹ má fọwọ́ kàn án, irin rẹ̀ fẹ́lẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ti òjò yàtọ̀. Olú ni ọ̀tá ìgbà yẹn, inú lẹ́ńsì ló ń hù sí, kò sì bìkítà bóyá DSLR ni tàbí mirrorless. Àpótí tó ní ìdérí dáadáa àti sílíkà jẹ́ẹ̀lì tó pọ̀, ó tán.

Èwo ló dára fún ẹṣin tó ń sáré níbi Durbar, tàbí ìjàkadì l'Ọ́fà?

Mirrorless tuntun. DSLR tó dára tẹ̀ lé e. Mirrorless àtijọ́ ló kẹ́yìn. Àwọn ènìyàn máa ń fo apá yẹn dá. Sony A7 àkọ́kọ́ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ìgbà náà lọ́ra, ihò wọn a máa fi ohun tó ti kọjá hàn yín. Nikon D750 tàbí 5D Mark III á gbá wọn dànù lórí ẹṣin tó ń bọ̀ tààrà.

Ìṣòro DSLR ni pé ojú fókọ́ọ̀sì rẹ̀ kó jọ sí àárín. 61 ló wà nínú 5D Mark III, 51 nínú D750, kò sí èyí tó dé etí fótò. A7 III ní 693, wọ́n sì bo nǹkan bí ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún ojú fótò, ẹ lè fi ẹṣin sí ìgun, kí ẹ jẹ́ kí eruku gba ìyókù. Canon R6 Mark II tó jáde ní 2022 mọ ẹṣin dá mọ̀ pàápàá. Àmọ́ bí ẹ bá tan ìyẹn, ojú ẹṣin ni yóò máa wá, kì í ṣe ojú ẹni tó gùn ún. Bí ẹni tó wọ láwàní ni ẹ ń wá, ẹ gbé e sí ti ènìyàn.

Ẹ má gbé mirrorless sílẹ̀ kí lẹ́ńsì rẹ̀ kọjú sí oòrùn láìní ìdérí. Kò sí dígí tó máa gbà á sílẹ̀, oòrùn lè jó sẹ́ńsọ̀.

Wọ́n ní mirrorless ní ohun kan tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ gbọ̀n. Ṣé mo ṣì nílò fíláàṣì?

Ẹ ṣì nílò rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ tó ń mira láti dojú kọ gbígbọ̀n ọwọ́ wà nínú Sony A7 II láti 2014, ó wà nínú R6 àti Z6, kò sí nínú EOS R. Ọwọ́ yín ló ń tún ṣe. Àwọn ère òkúta Èsìẹ́ kì í mira: bí wọ́n bá fún yín láyè láti ya fótò níbẹ̀, ẹ lè fi ọwọ́ lásán yà wọ́n ní 1/10, wọ́n á sì mọ́. Ẹni tó ń jó bàtá kò ní dúró dè yín. Ọwọ́ yín á dúró, ẹsẹ̀ tirẹ̀ á ṣe bàìbàì.

Báwo ni mo ṣe máa yẹ kámẹ́rà tòkúnbọ̀ wò kí n tó sanwó?

Ẹ gbé mẹ́mọ́rì àti bátìrì tiyín lọ, kí ẹ lọ lọ́sàn-án. Ẹ kọ́kọ́ wo orí àwọn ìdè (súkúrù) abẹ́ rẹ̀: bí nǹkan bá ti ha wọ́n, ẹnìkan ti tú u rí. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá ti ha á kúrò, ẹ fi kámẹ́rà náà sílẹ̀ fún ẹni tó gbé e wá, láìbéèrè ìdí.

Ẹ yọ lẹ́ńsì, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù gba ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ wò ó láti iwájú. Eruku díẹ̀ ò burú. Ohun tó bá rí tín-ín-rín tó sì ta ẹ̀ka bí òwú aláǹtakùn, olú ni, ẹ má rà á. Ẹ wá gbé kámẹ́rà sí f/16, ẹ ya ojú ọ̀run tàbí ògiri funfun, ẹ fẹ̀ ẹ́ wò. Àmì dúdú tó rọ̀ jẹ́ eruku tó ṣeé nù. Ìlà tó gún, tó sì mú, ẹnìkan ti ha ojú sẹ́ńsọ̀ nìyẹn.

Ẹ béèrè iye ìgbà tí ṣọ́tà ti ṣí. Nikon máa ń kọ ọ́ sínú fótò, láptọ́ọ̀pù lè kà á. Ọ̀pọ̀ Canon kì í kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ nílò okùn àti ètò kọ̀ǹpútà. Wọ́n ṣe ìdánwò ṣọ́tà 5D Mark III àti D750 dé 150,000, ti 6D àti 80D dé 100,000. Ìyẹn kì í ṣe ọjọ́ ikú rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti kọjá, kí owó rẹ̀ já wálẹ̀. Oníṣòwò tó bá ní "ó ṣì kéré" láìfi hàn yín, ẹ gbà pé ṣọ́tà náà ti ṣí tó ìgbà 100,000, kí ẹ fi ìyẹn ṣe ìdúnàádúrà.

Lára DSLR bíi 5D Mark III, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò mẹ́mọ́rì CF, bóyá abẹ́rẹ́ kan ti tẹ̀ níbẹ̀. Lára mirrorless, ihò USB rẹ̀ ni kí ẹ mì, kí ẹ wo sikirín inú ihò bóyá àmì kan dúró lójú kan, kí ẹ sì ya fídíò bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá níwájú oníṣòwò. Èyí tó bá máa gbóná pa ara rẹ̀, ẹ jẹ́ kó ṣe é níbẹ̀.

Lẹ́ńsì DSLR tí mo ní, ṣé mo lè lò ó lórí mirrorless?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹ bá dúró sínú ilé kan náà. Lẹ́ńsì EF ń retí mìlímítà 44, ẹnu RF jẹ́ 20, àdápútọ̀ Canon kàn fi mìlímítà 24 kún un ni, kò sí gíláàsì nínú rẹ̀. Kò pàdánù nǹkan kan, nígbà mìíràn fókọ́ọ̀sì rẹ̀ tiẹ̀ yá ju ti orí DSLR lọ. Òdìkejì rẹ̀ ò ṣeé ṣe: ẹ ò lè gbé lẹ́ńsì RF sórí DSLR, kò sí àyè láti sún mọ́ sẹ́ńsọ̀.

Nikon ní ọ̀fìn kan. FTZ, àdápútọ̀ tirẹ̀, ò ní mọ́tò nínú. Lẹ́ńsì AF-S máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n 50mm f/1.8D àti àwọn AF-D àtijọ́ tí kámẹ́rà ń fi ìdè yí, ọwọ́ ni ẹ ó fi máa wá fókọ́ọ̀sì wọn. Láti Canon sí Sony, Sigma MC-11 àti Metabones wà. Fún fótò, ẹ lè fara mọ́ ọn. Fún fídíò, ẹ má fi í gba iṣẹ́ oníbàárà.

Fókọ́ọ̀sì mi máa ń bọ́ sórí gèlè dípò ojú. Ṣé mirrorless máa wò ó sàn?

Ó ṣeé ṣe. Nínú DSLR, kì í ṣe sẹ́ńsọ̀ ló ń wá fókọ́ọ̀sì, ẹ̀rọ mìíràn tó wà nísàlẹ̀ dígí ni. Bí ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà dé ibẹ̀ bá yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tó gbà dé sẹ́ńsọ̀, kámẹ́rà á ní òun ti rí i, fótò á sì ní irọ́ ni. Mirrorless ń wá fókọ́ọ̀sì lórí sẹ́ńsọ̀ tó ń ya fótò gan-an, torí náà àìsàn yìí ò bá a fínra.

Kí ẹ tó ta kámẹ́rà, ẹ to ìgò mẹ́ta sórí tábìlì ní ìdagẹ̀rẹ̀, ẹ gbé e sí f/1.8, ẹ fi fókọ́ọ̀sì sí ti àárín. Bí ti ẹ̀yìn ló bá mọ́ ní gbogbo ìgbà, 6D, 80D, D7200 àti D750 ní ibi tí ẹ ti lè tún un ṣe. Àwọn kéékèèké bíi Canon 600D tàbí Nikon D3300 kò ní in. Ẹ tan live view nígbà náà, torí orí sẹ́ńsọ̀ ni ìyẹn náà ti ń wá a.

Mo gbé mirrorless wọ stúdíò, ihò rẹ̀ ṣókùnkùn biribiri. Ó ti bà jẹ́ ni?

Kò bà jẹ́. Ẹ gbé e sí ISO 100, f/8, 1/160, iná yàrá nìkan ló sì ń rí. Ó ń fi bí fótò ṣe máa rí láìsí fíláàṣì hàn yín, kò mọ̀ pé fíláàṣì ń bọ̀, pàápàá bí tírígà yín bá jẹ́ irú èyí tí kì í bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀. Lórí Canon, ẹ pa Exposure Simulation. Lórí Sony, ẹ gbé Live View Display sí Setting Effect OFF. Lórí Nikon Z, ẹ pa Apply settings to live view. Bí ẹ bá jáde kúrò ní stúdíò, ẹ tún un tàn, kí ẹ tó fọ́ òde ẹlòmíràn.

DSLR ni mo ní, ẹnìkejì mi gbé mirrorless wá sí òde kan náà. Kí la máa ṣe kí àwọ̀ lè bára mu?

Ẹ ya RAW (fótò tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe), kí ẹ má lo AWB, èyí tí kámẹ́rà fi ń fúnra rẹ̀ yan àwọ̀ iná. Ẹ jọ gbé méjèèjì sí Kelvin (nọ́ńbà àwọ̀ iná) kan náà bí ẹ bá wọ gbọ̀ngàn, kí ẹ sì ya ìwé funfun kan pẹ̀lú kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan lábẹ́ iná kan náà kí àlejò tó dé. Canon sí Canon ò ní yọ yín lẹ́nu púpọ̀. Bó bá jẹ́ Canon àti Sony, awọ ara ni ẹ ó fi mọ̀: ẹ mú ojú ẹni kan náà nínú fótò méjèèjì, ẹ fi ti ọ̀kan tọ́ èkejì, kí ẹ wá gbé e lé ìyókù.

Ẹ ṣètò aago àwọn kámẹ́rà méjèèjì kí wọ́n bára mu títí dé ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹ tó jáde nílé. Bí aago ọ̀kan bá fi wákàtí kan sẹ́yìn, tí ẹ bá kó fótò pọ̀ sínú láptọ́ọ̀pù, ìyàwó á ti jó tán kí wọ́n tó so yìgì.